Atẹ́gùn Ló Ń Mú Oúnjẹ Gbẹ: Bí A Ṣe Lè Sá Èso àti Ẹ̀fọ́ Nílé

Láàárín oṣù Ṣẹ́rẹ́ sí oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ìhà Àríwá bá ń kórè tòmátì tí wọ́n fi omi odò rin, ọkọ̀ akẹ́rù a máa já apẹ̀rẹ̀ tòmátì ní ọjà Mile 12 ní Èkó àti ní Bódìjà ní Ìbàdàn títí ilẹ̀ á fi kún. Àwọn ìyá ọlọ́jà á máa rọ oníbàárà pé kó gba èyí tó ti ń rọ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Tó bá fi máa di oṣù Òkúdu tàbí Agẹmọ, ọ̀rọ̀ á ti yí padà: owó tó ra odidi apẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè má ra ìdajì rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2016, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta ya wọ oko tòmátì ní Kàdúná àti Kánò, ó sì ṣọṣẹ́ débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde pé ọ̀rọ̀ náà ti di pàjáwìrì. Ọ̀pọ̀ ilé ìdáná lọ́dọ̀ wa níhìn-ín ló mọ̀ ọ́n lára. Síbẹ̀, kì í ṣe kòkòrò oko nìkan ló ń jẹ wá lóúnjẹ. Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé, tí a mọ̀ sí FAO, sọ ní ọdún 2011 pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ tí aráyé ń pèsè ló ń ṣòfò láàárín oko àti ẹnu, wọ́n sì fi kún un pé òfò ti èso àti ẹ̀fọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni pé: kí ni ilé kọ̀ọ̀kan lè ṣe kí ohun tó pọ̀ lọ́jà ní oṣù Èrèlé lè wà nínú ìkòkò ní oṣù Agẹmọ?

Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì. Yorùbá ti ń sá oúnjẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbọ́ orúkọ fíríìjì. Ilá tí a gé wẹ́wẹ́, tí a sá, tí a sì gún, òun ló ń di orúnlá. Iṣu tí a bọ̀ nínú omi gbígbóná, tí a fi sílẹ̀ mọ́jú, tí a wá sá, òun ni gbódó tí à ń lọ̀ di èlùbọ́. Ẹ̀gẹ́ ń di láfún, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà náà ní èlùbọ́ tirẹ̀. Ewé oṣè gbígbẹ ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ lúrú ní Ìlọrin àti Òkè-Ògùn. Kò sì sí ọjà tí ènìyàn kò ti ní rí ata ṣọ̀ǹbọ̀ gbígbẹ. Bí ọwọ́ wa bá mọ iṣẹ́ náà tó báyìí, kí ló dé tí tòmátì, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ewédú, máńgòrò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ fi ń jẹrà lójú wa? Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé oòrùn la gbójú lé jù, a sì gbàgbé atẹ́gùn. Ata tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ lórí igi lè fara da kí a kàn tẹ́ ẹ sílẹ̀ sínú oòrùn. Tòmátì tó kún fún omi kò lè fara dà á, bẹ́ẹ̀ ni ewé tí oòrùn tètè ń ba èròjà inú rẹ̀ jẹ́ kò lè fara dà á. Atẹ́gùn tó gbẹ, tó sì ń rìn yí oúnjẹ ká lókè àti nísàlẹ̀, ló ń mú irú wọn gbẹ kó tó bàjẹ́. Ẹni tó bá ti mọ èyí, ohun èlò tó kù tí yóò wá kò wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó ń mú oúnjẹ bàjẹ́. Nínú tòmátì tútù, nǹkan bí ìdá 94 nínú 100 ló jẹ́ omi. Ilá, ata àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wà ní àyíká 90. Máńgòrò wà ní nǹkan bí 83, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ní nǹkan bí 75. Omi yìí ni àwọn kòkòrò àìfojúrí, ìyẹn bakitéríà àti olú wẹ́wẹ́ tó ń hu lára oúnjẹ, ń lò láti wà láàyè. Àwọn onímọ̀ nípa oúnjẹ ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ iye omi tí ọwọ́ kòkòrò lè tẹ̀ nínú oúnjẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ó sì parí sí ọ̀kan, èyí tí í ṣe ti omi gidi. Ọ̀pọ̀ bakitéríà kì í lè pọ̀ sí i mọ́ bí òṣùwọ̀n náà bá ti wá sísàlẹ̀ 0.90. Olú lágídí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òmíràn ṣì ń hu ní 0.70. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti lọ sílẹ̀ ju 0.60 lọ, kò sí kòkòrò àìfojúrí kankan tó lè gbèrú níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà nínú èyí. Èkíní ni pé gbígbẹ kì í pa gbogbo kòkòrò; ó kàn ń fi àìrómimu dá wọn dúró ni, bí omi bá sì padà dé, wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èkejì ni pé gbígbẹ àbọ̀ kò gba oúnjẹ sílẹ̀. Ata tí ara rẹ̀ ti gbẹ, tí inú rẹ̀ ṣì rọ̀, bí a bá dì í sínú àpò, bíbu ni yóò bu.

Báwo wá ni omi ṣe ń kúrò nínú oúnjẹ? Ẹ wo aṣọ tí a fọ̀, tí a sá sórí okùn. Ní ọjọ́ tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, bí ojú oòrùn tilẹ̀ ṣókùnkùn, aṣọ náà á gbẹ kíá. Ní ọjọ́ tí òjò fẹ́ rọ̀, tí ooru mú, tí ewé kò mì, ó lè wà lórí okùn títí di alẹ́ kó ṣì tutù. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ àti bí afẹ́fẹ́ náà ṣe ń rìn. Afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n omi tó lè gbé. Bí ó bá ti gbé e tán, kò ní gba òmíràn mọ́, àfi kí afẹ́fẹ́ tuntun wá rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ ooru ni láti fi ààyè kún inú afẹ́fẹ́ náà. Bí afẹ́fẹ́ bá fi 10°C gbóná sí i, omi tó lè gbé fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Bí a bá mú afẹ́fẹ́ tó wà ní 30°C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ ìdá 80 nínú 100, tí a sì mú un gbóná dé 50°C láìfi omi kún un, ọ̀rinrin rẹ̀ á bọ́ sí nǹkan bí ìdá 28. Afẹ́fẹ́ kan náà ni. Ṣùgbọ́n èyí tí kò fẹ́ gba omi lọ́wọ́ tòmátì tẹ́lẹ̀ ti wá di èyí tó ń fà á. Nítorí náà, ooru dára, oòrùn sì ni ooru tí a kì í sanwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ tó ti gbé omi máa gbà jáde, ńṣe ni ooru yóò máa se oúnjẹ lójú kan.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ohun tí a bá dà sórí ọ̀dà títì tàbí sórí ilẹ̀ gbígbóná nìyẹn. Òkè rẹ̀ ń gbẹ, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń laagùn mọ́ ibi tó tẹ́ sí, atẹ́gùn kò sì ráyè kọjá. Eruku, èéfín ọkọ̀, ẹsẹ̀ ewúrẹ́ àti ti adìẹ kò yọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó burú jù ni olú tó ń hu ní ibi tí ojú kò tó. Ní ọdún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n tú ìdí rẹ̀ wò, ẹ̀pà lílọ̀ láti Brazil tí wọ́n fi bọ́ wọn ló ti hu olú tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Aspergillus flavus. Májèlé tí olú yìí ń mú jáde ni wọ́n sọ ní aflatoxin. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Omi híhó kò sì ràn án: bí ó bá ti wà nínú èlùbọ́, yóò wà nínú àmàlà. Àwọn olùwádìí ti rí i nínú èlùbọ́ iṣu tí wọ́n rà ní ọjà ilẹ̀ Yorùbá. Kì í ṣe iṣu ló jẹ̀bi, kì í sì í ṣe ọgbọ́n àwọn ìyá wa ló jẹ̀bi. Gbígbẹ tó falẹ̀ jù ló jẹ̀bi, nígbà tí wọ́n rẹ́ iṣu nípọn, tí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, tí òjò sì dá a dúró lọ́nà.

Bí a bá wá fẹ́ kí atẹ́gùn ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀bẹ ni àkọ́kọ́. Omi inú oúnjẹ gbọ́dọ̀ rìn láti àárín dé ara kó tó lè bá afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ohun tí a rẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń tètè gbẹ. Kí ó nípọn tó mìlímítà mẹ́ta sí mẹ́fà, kí gbogbo rẹ̀ sì dọ́gba, kí èyí tó tinrin má bàa jóná nígbà tí èyí tó nípọn ṣì tutù. Lẹ́yìn ọ̀bẹ, àtẹ ló kàn. Ẹni tó bá kan igi mẹ́rin pọ̀, tó sì na nẹ́ẹ̀tì fèrèsé tàbí aṣọ funfun tó mọ́ sórí rẹ̀, ti ní àtẹ. Kí ó gbé e ka orí bíríkì tàbí ẹsẹ̀ àga, kí ó ga kúrò nílẹ̀ tó mítà kan, kí ó sì ta nẹ́ẹ̀tì mìíràn bò ó lókè nítorí eṣinṣin. Kí a tẹ́ oúnjẹ náà ní ìpele kan ṣoṣo, kí ara wọn má kan ara. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kí a gbé e wọlé, nítorí ìrì òru lè dá omi tí a fi odidi ọ̀sán yọ padà. Kò sí ohun tó nira níbẹ̀. Ìtọ́jú tí kò ṣe é fi falẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ náà yá sí i lè kan àpótí sísá. Pákó ni a fi ń ṣe é: ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ páànù tí a kùn ní dúdú kó lè fa ooru, òkè rẹ̀ jẹ́ gíláàsì tàbí náílọ̀nù tó mọ́ gaara, a sì ń lu ihò sí i nísàlẹ̀ níwájú àti lókè lẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ tútù á gba ìsàlẹ̀ wọlé, á gbóná, á gba àárín àtẹ kọjá, á sì gbé omi gba òkè jáde. Ihò wọ̀nyí ló ṣe pàtàkì jù. Àpótí tí kò ní ihò kò yàtọ̀ sí ìkòkò tí a dé. Inú rẹ̀ lè gbóná dé 45 sí 60°C ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú, ìwọ̀n tó bá èso àti ẹ̀fọ́ mu nìyẹn. Kí ó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bí ooru bá le jù níbẹ̀rẹ̀, ara òde oúnjẹ á yi, omi inú á sì há mọ́bẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí lórí ìpamọ́ irè oko, NSPRI, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìlọrin, ti ṣe irú ilé sísá bẹ́ẹ̀ tó tóbi fún àwọn àgbẹ̀ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ti ilé kò ní láti tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Irè kọ̀ọ̀kan ní bí a ṣe ń ṣe é. Tòmátì tí ẹran ara rẹ̀ pọ̀, tí omi rẹ̀ kò pọ̀ jù, ló yẹ ní sísá. Kí a là á, kí a gbọn kóró rẹ̀ nù, kí a sì kọjú ibi tí a là sókè. Ata rodo àti tàtàṣé ni kí a là kí atẹ́gùn lè dé inú wọn. Ilá ni kí a gé roboto. Ó tó nígbà tó bá ń ṣẹ́ pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, kí a kọ́kọ́ fi ooru omi tó ń hó bọ̀ wọ́n fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, kí a tètè fi omi tútù pa ooru ara wọn, kí a sì gbọ̀n wọ́n dáadáa. Ìdí rẹ̀ ni pé èròjà kan wà nínú ewé tó ń bá a nìṣó láti yí àwọ̀ àti adùn rẹ̀ padà kódà lẹ́yìn tó bá ti gbẹ, ooru yẹn ló sì ń pa iṣẹ́ rẹ̀. Fífi ooru bọ̀ ọ́ dára ju rírì í sínú omi lọ, nítorí omi á fa lára èròjà rẹ̀ lọ. Ewédú kò nílò bíbọ̀. Kí a já a, kí a ṣàn án, kí a sì sá a sí abẹ́ òjìji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Gbogbo ewé pátá ló dára jù lábẹ́ òjìji. Ní ti máńgòrò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ọ̀pẹ òyìnbó, kí a fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ ra ara wọn lẹ́yìn tí a bá rẹ́ wọn tán kí wọ́n má bàa dúdú. Èso kì í gbẹ kóró bí ilá. Ó tó nígbà tí a bá fún un lọ́wọ́ tí omi kò yọ, tí ó ṣì ṣe é tẹ̀.

Àwọn kan á wí pé ọ̀rọ̀ yìí dára fún Kánò, kò dára fún Èkó, nítorí ọ̀rinrin ibí pọ̀. Òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n wí. Afẹ́fẹ́ etí òkun kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ, ẹni tó bá sì tẹ́ tòmátì sí gbangba ní oṣù Òkúdu ní Badagry, olú ló ń sìn. Ṣùgbọ́n àtakò náà ń jẹ́rìí fún ohun tí à ń sọ ni: bó bá jẹ́ oòrùn lásán ló ń ṣiṣẹ́ náà, oòrùn Èkó mú tó. Atẹ́gùn ló yàtọ̀, a sì lè tún ti atẹ́gùn ṣe. Àpótí tó ń mú afẹ́fẹ́ gbóná ń dín ọ̀rinrin rẹ̀ kù, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan ti fi hàn. Fáànù kékeré tí a kọjú sí àtẹ nínú ilé lè mú ewé gbẹ láìsí oòrùn rárá. Ẹ tún wo bí àsìkò ṣe bára mu: oṣù tí tòmátì pọ̀ jù lọ́jà ni oṣù tí ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn ń mú afẹ́fẹ́ gbẹ jù, kódà níhà Gúúsù. Máńgòrò ni àsìkò rẹ̀ bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ òjò, òun sì ni àpótí ṣe pàtàkì fún jù. Nígbà òjò gidi, kí a sinmi, tàbí kí a mọ sí ewé díẹ̀díẹ̀ nínú ilé. Sísá oúnjẹ ní àsìkò tirẹ̀ bí gbígbìn ti ní.

Àtakò kejì ni pé gbígbẹ ń pa èròjà aṣaralóore. Fítámì C ń lọ lóòótọ́, nítorí ooru àti afẹ́fẹ́ ń bà á jẹ́. Oòrùn gangan sì ń ba èròjà tí ara fi ń ṣe fítámì A jẹ́ nínú ewé àti máńgòrò. Ìdí tí a fi ní kí ewé wà lábẹ́ òjìji nìyẹn. Ṣùgbọ́n irin, kálíṣọ́ọ̀mù àti fáíbà inú ẹ̀fọ́ kì í bá omi fò lọ. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ó sì yẹ kí a fi ẹ̀fọ́ gbígbẹ wé ohun tí a ń jẹ gan-an. Tòmátì àti ata tí a sè títí omi rẹ̀ fi fà, tí a tún dín nínú òróró fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú, ti pàdánù púpọ̀ nínú fítámì C rẹ̀ kó tó dé orí ìrẹsì. Ní oṣù ọ̀wọ́n, ẹ̀fọ́ gbígbẹ ń bá àìjẹ ẹ̀fọ́ rárá du àyè ni, kì í ṣe ẹ̀fọ́ tútù. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù mọ èyí: ewédú gbígbẹ àti ewúro gbígbẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń rà lọ́wọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ti èso gbígbẹ, ìkìlọ̀ kan tọ́ sí i: ṣúgà inú rẹ̀ ti kóra jọ, nítorí náà kí alárùn àtọ̀gbẹ fi ìwọ̀n sí i, kí àwọn ọmọdé sì fọ ẹnu wọn.

Àwọn mìíràn á bi wá pé, ṣé fírísà kò yá ju gbogbo wàhálà yìí lọ? Níbi tí iná mànàmáná bá dúró ṣinṣin, fírísà pa adùn àti fítámì mọ́ ju gbígbẹ lọ. A kò jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n fírísà ń jẹ owó lójoojúmọ́ tí oúnjẹ bá fi wà nínú rẹ̀, bí iná bá sì lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ lè bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun gbígbẹ kì í jẹ iná mọ́ lẹ́yìn tó bá ti gbẹ. Bákan náà ni kí a má ṣe rò pé iná mànàmáná ni a ó fi máa mú tòmátì gbẹ. Láti lé omi tó wà nínú kìlógíráàmù 10 tòmátì jáde, ó kéré tán, agbára tó tó kìlówáàtì 6 fún wákàtí kan gbáko ni yóò gbà, láìka èyí tó ń ṣòfò sí. Oòrùn ń fún wa ní èyí lọ́fẹ̀ẹ́. Kí a sì sọ òtítọ́ nípa èrè rẹ̀: kìlógíráàmù 10 yẹn, nǹkan bí ìdajì kìlógíráàmù àti díẹ̀ lé ni yóò kù. Ẹni tó bá ra tòmátì ní oṣù ọ̀wọ́n kó tó sá a ti fi owó ṣòfò. Ẹni tó bá ra á nígbà tí ọlọ́jà ń bẹ̀bẹ̀ kó gbé e lọ, tàbí tó ní ọgbà, òun ló jèrè. Kó má sì ra èyí tó ti jẹrà, nítorí gbígbẹ kì í tún ohun tó ti bàjẹ́ ṣe.

Ẹ̀rù májèlé ló kẹ́yìn, òun ló sì yẹ kí a bẹ̀rù jù. Ní ọdún 2015, Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró nítorí oògùn apakòkòrò dichlorvos tí wọ́n rí nínú rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ. Ìrònú tó mú kí ènìyàn wọ́n oògùn sórí oúnjẹ ni pé kòkòrò kò ní jẹ́ kó pẹ́. Oúnjẹ tó gbẹ dé inú, tí a sì dé pinpin, kò nílò rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọta píápíá tàbí oògùn kankan sún mọ́ ọn. Bí a bá ń bẹ̀rù ẹyin kòkòrò nínú ohun tí a sá ní gbangba, kí a tò ó sínú ààrò tó gbóná tó 70°C fún ìdajì wákàtí, tàbí kí a fi í sínú fírísà fún ọjọ́ méjì gbáko kí a tó dì í. Kí ó tutù tán kí a tó rọ ọ́ sínú ìgò gbígbẹ tí ìdérí rẹ̀ le, kí a má sì kún un dẹ́nu. Ní ti èso, kí a máa mi ìgò náà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí omi bá yọ lára ìgò, ó ṣì tutù, kó padà sórí àtẹ. Lẹ́yìn èyí, ibi òkùnkùn tó tutù ni àyè rẹ̀. Nínú ooru ilẹ̀ wa, kí a jẹ ẹ̀fọ́ gbígbẹ tán láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Èso lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a má sì kó tòmátì tó gbẹ àbọ̀ sínú òróró kí a gbé e kalẹ̀ lórí àga ìdáná, nítorí bakitéríà tó ń ṣe májèlé botulism fẹ́ràn ibi tí kò sí afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun tó bá hu funfun, dúdú tàbí àwọ̀ ewé, kí a dà á nù pátápátá. Gígé ibi tó bu kúrò kò mú májèlé kúrò.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, a ti wí pé gbígbẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ oòrùn nìkan, a sì ti rí i pé àtakò tó wà lòdì sí i, bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò, ń tọ́ka sí ohun kan náà: bí afẹ́fẹ́ bá ti rìn, tí a rẹ́ oúnjẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí a kò dá a dúró lọ́nà kó tó gbẹ tán, ọ̀rinrin, olú àti òfò á dín kù. Àwọn tó ń sá oúnjẹ sójú títì ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò sí ibi mìíràn; iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà ni láti fún wọn ní pèpéle tó ga kúrò nílẹ̀ àti ilé sísá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ lò. Ṣùgbọ́n ti ilé kò ní láti dúró de ìjọba. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, nígbà tí apẹ̀rẹ̀ tòmátì bá wọ́lẹ̀ lọ́jà, ẹ ra ìwọ̀n tí àtẹ kan lè gbà, ẹ rẹ́ ẹ, ẹ gbé e sókè níbi tí atẹ́gùn wà, ẹ bò ó, ẹ sì gbé e wọlé lálẹ́. Ẹ fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀.